Ògiri Tí Kì Í Mu Omi

Àdúrà ló ń lé Tíṣà Isaac Adéwùmí kúrò nílé láràárọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹlòmíràn a máa sá fún ejò, ẹlòmíràn a máa sá fún àna rẹ̀, àmọ́ àdúrà ni ọkùnrin yìí ń sá fún, àdúrà tí opó kan tó ń sùn ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ń ṣe fún un. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí ìyá náà gbọ́ tí ilẹ̀kùn Tíṣà dún, á gbóhùn sókè láti ibi tó wà:

“Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀. Ilé yín kò ní wó o. Bí ẹ ṣe gbà mí lọ́wọ́ òjò, Ọlọ́run á gbà yín lọ́wọ́ ohun tó ju òjò lọ.”

Tíṣà á ní, “Àmín, Ìyá Dúró,” á sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde wéré bí ẹni tí inú ń run.

Àtọ́kẹ́ ni orúkọ ìyá náà, ìyàwó Ọdẹ́bọ̀dé ọdẹ, tó ti dolóògbé. Wọ́n ti bí Tíṣà sí agbo-ilé ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé Àtọ́kẹ́ níyàwó wá, nítorí náà ìyá náà kò jẹ́ dárúkọ Tíṣà. Akọ̀wé ló sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí obìnrin ilé ti ń fún àwọn ọmọ ọkọ lórúkọ. Tíṣà náà kò sì jẹ́ pè é ní Àtọ́kẹ́, nítorí pé ó jù ú lọ́jọ́ orí. Orúkọ ọmọ rẹ̀ Dúróríkẹ́, tó wà nílé ọkọ ní Ijio, ló fi ń pè é.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí àdúrà fi ń ta odidi ọkùnrin lára, ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ìdí-Ìgbá ṣe rí. Àdúgbò kan ni, ní ìlú kékeré tí kò jìnnà sí Tẹ̀dé. Igi igbá ńlá kan, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, wà láàárín ojúde, àwọn ilé sì yí ojúde náà ká, gbogbo wọn kọjú sí i. Ògiri wọn pupa, òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní àwòrán ẹfọ̀n àti ti ọdẹ lára. Òrùlé wọn relẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ì báà jẹ́ ọmọ ọba, yóò bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé.

Ní ọdún 1976, àwọn kan gbé kámẹ́rà kọ́rùn wá láti Ìbàdàn. Wọ́n ya òpó, wọ́n ya àjà, wọ́n ya ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní irú àdúgbò báyìí ti ń tán nílẹ̀ Yorùbá, pé ká má jẹ́ kó bàjẹ́. Ni orí àwọn àgbà bá wú. Baálé Ọlágòkè pe ìpàdé, wọ́n ní kí Tíṣà, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mú ìwé àti kálàmù wá. Ó sì kọ ọ́ báyìí pé: ẹnikẹ́ni tó bá máa kọ́lé tuntun sí Ìdí-Ìgbá, amọ̀ ni kó fi kọ́ ọ, kò gbọdọ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òrùlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju ti Ilé Ọdẹ lọ, níbi tí àwọn tó tẹ àdúgbò dó gbé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gbọdọ̀ kọjú sí ojúde, àti pé lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti kórè tán, gbogbo obìnrin àdúgbò yóò jọ rẹ́ gbogbo ilé. Ẹni tó bá fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, wọ́n á wó o. Ìwé náà kò sọ nǹkan kan nípa páànù, nítorí pé ilé àwọn àgbà tó ṣòfin ti di onípáànù tipẹ́. Ẹnu àgbà kì í tọ́ka sí orí ara rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Tíṣà wó ilé bàbá rẹ̀ láti tún un kọ́. Kì í ṣe ìkà èèyàn o, ẹ jẹ́ kí n sọ tòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òjò ti ya ògiri bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀ láti kékeré, ẹ̀rù òjò sì ń bà á bí ẹ̀rù ikú. Ó lọ bá Jẹ́ẹ́dé, bíríkìlà kan tó ń gbé lọ́nà Ṣakí. Àwọn méjèèjì wà nínú oko Tíṣà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń po sìmẹ́ǹtì mọ́ iyẹ̀pẹ̀ pupa, wọ́n ń yọ ọ́ bí búlọ́ọ̀kù. Ó pupa rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá rí i á ní amọ̀ ni wọ́n yọ tí wọ́n sá sóòrùn. Ohun tí Tíṣà sì sọ fún ìlú nìyẹn. Baálé fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù kan, ó ní, “Ọpọlọ ìwé nìyí! Àwa ń mọ ìpele kọ̀ọ̀kan, à ń dúró kó gbẹ, Tíṣà ti yọ tirẹ̀ sínú oko.” Ó sì gbàdúrà lé e lórí.

Mọ́ládé, ìyàwó Tíṣà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, nìkan ló mọ̀ yàtọ̀ sí Jẹ́ẹ́dé. Ọjọ́ tó rí àpò sìmẹ́ǹtì nínú oko, ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

“Bàbá Ṣọlá, ẹ̀yin tí ẹ kọ ìwé?”

“Ta ló máa mọ̀?” ni Tíṣà wí. Jẹ́ẹ́dé kọjá sí Kútọnu lọ ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin wá fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ilé náà, ó sì dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Kò bùṣe o. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni katakátá wá tún ọ̀nà Ìwéré-Ilé ṣe, wọ́n sì darí àgbàrá sí ìdí ògiri Àtọ́kẹ́. Obìnrin náà wá síwájú ìgbìmọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kóun fi búlọ́ọ̀kù ṣe ìpele mẹ́ta péré nísàlẹ̀ ògiri òun, kí omi má baà jẹ ẹ́ nídìí. Òun á fi amọ̀ bò ó. Ojú kankan kò ní rí i. Àwọn àgbà wo ara wọn, Baálé yíjú sí Tíṣà pé, “Ìwọ lo mọ̀wé. Kí lo rí sí i?”

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan péré ni Tíṣà ìbá sọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá gba búlọ́ọ̀kù láyè nínú ògiri kan, ojú àwọn èèyàn á là sí búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan ògiri kiri. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wọ awò ojú. Ó ní, “Òfin kò mojú ẹnikẹ́ni. Bí a bá gba ìpele mẹ́ta láyè lónìí, odidi ilé ni lọ́la.” Gbogbo wọn mirí. Àtọ́kẹ́ dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀ nù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, òjò kan rọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí àwọn èèyàn gbọ́ ariwo, ògiri ti wó lu Àtọ́kẹ́ níbi tó ti ń kó aṣọ rẹ̀. Tíṣà wà lára àwọn tó wú u jáde. Amọ̀ náà rọ̀ bí ẹ̀bà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ìyá náà ṣẹ́ sí méjì, nígbà tí olùtò egungun sì tò ó tán, kò tọ́ mọ́, kò ká mọ́. Láti ọjọ́ náà kò lè kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

Tíṣà ní kí wọ́n gbé e wá sílé òun. Gbogbo ìlú yìn ín. Àlùfáà ìjọ rẹ̀ fi í ṣe àpẹẹrẹ lórí àga ìwàásù ní ọjọ́ Ìsinmi, Tíṣà sì jókòó síbẹ̀, ó tẹjú mọ́ ìwé orin. Ó mọ̀ pé òun lòun ṣẹ́ ẹsẹ̀ náà. Àdúrà òwúrọ̀ sì ń bọ̀, ọjọ́ kan kò sì yẹ̀, fún ọdún kan ó lé.

Ó wá di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1981, ọjọ́ ìrẹ́lé. Ọyẹ́ mú, ètè gbogbo èèyàn ya. Àwọn ọkùnrin ti wa amọ̀, wọ́n ti lọ kó ìgbẹ́ màlúù wá láti gáà àwọn Fúlàní, wọ́n ti rẹ èèpo èso igi igbá sómi títí omi rẹ̀ fi pọ́n. Àwọn obìnrin ń fẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò lọ sóko lọ́jọ́ náà. Kò lè lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń pa á, amọ̀ ti ṣí kúrò lára ògiri tó ìwọ̀n àtẹ. Ọdọọdún ló ń ṣí níbẹ̀. Mọ́ládé ló máa ń sáré rẹ́ ibẹ̀ kí àwọn yòókù tó dé, ṣùgbọ́n wọ́n ti pè é sílé ìwòsàn láti àárọ̀ nítorí aláboyún kan.

Àpọ́nlé, ìyàwó tuntun kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá, ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́lé á kọ́kọ́ bu omi sí ògiri kí amọ̀ tuntun lè gbá amọ̀ àtijọ́ mú, ògiri amọ̀ á sì fa omi náà mu fíìn. Àpọ́nlé bu igbá omi kan sí ojú ibi tó ṣí. Omi náà ṣàn wọ̀ọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ó bu òmíràn. Ó ṣàn bọ́ sílẹ̀.

“Ẹ gbà mí o! Irú ògiri wo lèyí tí kì í mu omi?”

Tíṣà wà lẹ́bàá òpó. 

Àtọ́kẹ́ ló dá a lóhùn. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, àpótí ìjókòó rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá. “Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ ti pọ̀ jù. Ṣé ògiri ló máa bá ọ du omi nínú ọyẹ́ yìí ni? Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, fi ibí sílẹ̀ fún mi. Èmi tí mi ò lè rìn kiri, ibi kan ni màá jókòó sí.”

Àpọ́nlé rẹ́rìn-ín, ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ. Àtọ́kẹ́ jókòó. Ó bu ìgbẹ́ màlúù púpọ̀ sí amọ̀ rẹ̀, ó pò ó kó ki, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó ṣí náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń di egbò. Kò bu omi sí i rárá. Ìgbà náà ni Tíṣà mọ̀ pé ìyá náà ti mọ̀.

Ó gbé korobá omi lọ bá a, ohun tí ọkùnrin kì í ṣe lọ́jọ́ ìrẹ́lé.

“Ìyá Dúró.”

“Ẹ gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, Akọ̀wé.”

“Ẹ ti mọ̀.”

Kò wẹ̀yìn. “Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tí mo lò níbí ni mo ti mọ̀. Mo fẹ̀yìn ti ògiri lọ́sàn-án, ó jó mi. Ogójì ọdún ni mo fi fẹ̀yìn ti ògiri amọ̀, kò jó mi rí.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Kí n sọ ọ́ kí wọ́n lè wó o? Mo ti gbọ́ bí ilé ṣe ń dún tó bá ń wó. Ẹ̀ẹ̀kan tó mi.”

Tíṣà wólẹ̀ jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀. Omi ti gba ojú rẹ̀. “Àdúrà tí ẹ ń ṣe fún mi láràárọ̀ ńkọ́?”

Àtọ́kẹ́ pòṣé. “Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ọmọ ọkọ mi lẹ jẹ́, mi ò lè nà yín, mi ò lè ṣépè fún yín. Mo ní kí n máa súre fún yín títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀. Ẹ mà lágbára o! Mo súre títí, ẹnu ro mí.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ojú amọ̀ náà dán. “Lọ́la ni ọ̀rọ̀ mi. Mi ò ní dárúkọ yín, ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tó ní lọ́la ni pé ó tún fẹ́ bẹ ìgbìmọ̀, kí wọ́n jẹ́ kóun fi ìpele búlọ́ọ̀kù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ilé òun kí òjò tó dé. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló bá a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó fa ìlà sábẹ́ orúkọ ìyá náà. Ṣùgbọ́n kò tíì mọ ohun tóun máa sọ bí wọ́n bá tún yíjú sí òun.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ jókòó sábẹ́ igi igbá. Gbogbo ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán, òórùn amọ̀ tútù gba ojúde kan. Tíṣà ka ìwé ẹ̀bẹ̀ náà sókè. Àtọ́kẹ́ dúró, ó fọwọ́ kan di igi mú, nítorí pé kò lè kúnlẹ̀.

Baálé tú itọ́ obì sílẹ̀. “Ìyá Dúró, ẹ má bínú. A kò kórìíra yín. Àmọ́ ẹ wo ilé Tíṣà.” Ó nawọ́ sí i. “Amọ̀ náà ni. Òjò ọdún mẹ́ta ti rọ̀ lé e, kò mì. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, kì í ṣe àgbàrá ló wó ilé yín. Ẹ ò po amọ̀ yín dáadáa ni.”

Àwọn obìnrin tó dúró lẹ́yìn wo ilẹ̀. Láàárín wọn, kò sí ẹni tó mọ amọ̀ pò tó Àtọ́kẹ́. Òun ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá náà ní, “Èmi? Èmi ni mi ò po amọ̀ dáadáa?” Ó yí ojú sí ilé Tíṣà, ó gbé ojú kúrò níbẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

“Tíṣà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ò gbà,” ni Baálé wí.

Tíṣà kọ “A”. Kálàmù náà dúró. Ó wo lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó pa ìwé dé, ó dìde, ó mú ọkọ́ tó fara ti ìdí igi, ó ré ojúde kọjá. Wọ́n rò pé ó fẹ́ lọ tọ̀ ni. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, ó gbé ọkọ́ sókè, ó fi ha ògiri. Amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ bọ́ lulẹ̀ gbìì. Ó tún ha á. Irin ọkọ́ kan sìmẹ́ǹtì, ó dún gan-an débi tí etí gbogbo wọn fi gbọ́ ọ.

“Háà! Tíṣà, kí lò ń ṣe?”

“Búlọ́ọ̀kù ni o!” ni Tíṣà ké. “Láti ìsàlẹ̀ dé òkè! Èmi tí mo kọ òfin, èmi ni mo kọ́kọ́ rú u. Mo mọ̀ pé ilé Ìyá Dúró máa wó, mo sì ní kí ẹ má gbà fún un, kí tèmi má baà hàn. Èmi ni mo ṣẹ́ ẹsẹ̀ yẹn. Kì í ṣe àgbàrá, kì í ṣe amọ̀ tí kò pò.” Ó ń ha á lọ, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Baálé rìn wá. Ó fọwọ́ kan ògiri náà, ó fi èékánná ha á. Ojú ti òun gan-an. “Mo gbé ẹsẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù yìí,” ló wí wúyẹ́wúyẹ́. “Mo gbàdúrà sí i. Ìwọ Isaac yìí, o jẹ́ kí n gbàdúrà sí sìmẹ́ǹtì?”

Adégbénró, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, ní kí wọ́n wó ilé náà kíá. Àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Wọ́n ti ń wá ọkọ́ kiri nígbà tí Àtọ́kẹ́ pariwo láti ìdí igi:

“Ẹ wó o, kí n wá sùn síbo? Orí igi?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Ọwọ́ wọn rọ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó padà, wọ́n gba ìwé àti kálàmù lọ́wọ́ Tíṣà, wọ́n kó wọn fún Adégbénró. Wọ́n ní kí Àtọ́kẹ́ fi búlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ ilé rẹ̀, kí Tíṣà sì bá a kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ní ti ilé Tíṣà, wọn kò ní wó o. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin Ìdí-Ìgbá tí yóò tún fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ láé. Kó wà níhòòhò bẹ́ẹ̀.

Tíṣà kọ́ ilé náà. Láti ilé-ìwé ló ń lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán, ó ń gbé búlọ́ọ̀kù, ó ń bá wọn fẹsẹ̀ po amọ̀, àwọn obìnrin ń wò ó, wọn kò bá a ṣàwàdà. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, Àtọ́kẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀, ó ti wọlé tuntun.

Lọ́jọ́ kejì tó kó lọ, Tíṣà jí. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ilẹ̀kùn náà dún bó ṣe máa ń dún. Ó dúró. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Ó wá rántí pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, ó sì gba iwájú jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan àbọ̀, ó kọjá lẹ́bàá ògiri rẹ̀ tó pá.

Àtọ́kẹ́ ń gbálẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó rí i, ó dúró, ó fọwọ́ kan ti ògiri nítorí eékún rẹ̀ tí kò ká.

“Ẹ káàárọ̀, Akọ̀wé.”

“Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Dúró.”

Ó tún ń gbálẹ̀ lọ. Tíṣà kò kúrò lójú kan. Ó ti mú “Àmín” sẹ́nu, kò rí àdúrà tó máa ṣe é sí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyá náà tó gbójú sókè.

“Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?”

“Rárá o,” ló wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.